Bàsíà Funfun Tí Ẹ Fi Ń Dé Bébà Òyìnbó

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó máa ń fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ọṣẹ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìkíni mìíràn tó lè wọ̀ yín létí. Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là, pákó ilẹ̀kùn yàrá yín ti súnkì débi pé ewúrẹ́ ń fi imú tì í wọlé, Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa gìgísẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọyẹ́ kejì rèé lẹ́yìn ikú yín.

Ọwọ́ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní byúrò dísítíríìtì, ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ atẹ̀wé, ì bá mọ́ tónítóní, ì bá sì tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ti tẹ irọ́ tó pọ̀ jù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ó ń rí mi lára. Ẹ bá mi fara da ìkọ̀wé mi tó wọ́.

Ìròyìn tí mo mú wá nìyí: lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ fi ìwé ẹ̀yẹ dá yín lọ́lá ní pápá iwájú byúrò, lójú gbogbo ayé. Èmi ni wọ́n ní kí n wá gbà á lórúkọ yín. Mi ò gbà á. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo tú àṣírí bàsíà. Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ẹ̀yin alára ò mọ̀ títí ẹ fi lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ tí òyìnbó kan wá ri irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, lápá ọ̀nà gare, ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rántí ṣòkòtò penpe rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ tó pọ́n. Irin náà ga tó àyà yín. Orí rẹ̀ ni ó ní kí ẹ máa tẹ́ bébà sí, bébà kan tó ní àtè lójú kan, bí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ. Ẹ ó tẹ́ ẹ láàárọ̀, kó wojú ọ̀run títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ ó ká a, ẹ ó ṣẹ́ ẹ po kí àtè lẹ̀ mọ́ àtè, ẹ ó fi í sínú àpòòwé, ẹ ó sì gbé e fún ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Parakou bọ̀, tó ń lọ sí Kútọnu. Ó ní ojú ọjọ́ ni àwọn fẹ́ mọ̀, òjò àti afẹ́fẹ́. Ó fún yín ní ìwé ńlá kan tó ní ìlà, kí ẹ máa kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ máa kọ òjò sí i, kí ẹ sì kọ ohunkóhun tí ẹ bá ṣàkíyèsí sí òpin ìlà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà, ọmọ iṣẹ́ rélùwéè tó ti ń gba àṣẹ látọjọ́ pípẹ́, ẹ ò bi í léèrè.

Ṣé mo lè gbàgbé bí ẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ ó ṣe àlùwàlá, ẹ ó kí Àsùbáà, ẹ ó wá tún ọwọ́ fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àfi bí ẹni pé èyí tí ẹ fọ̀ fún Ọlọ́run kò tó fún òyìnbó. Ìka méjì péré ni ẹ fi ń gbé etí bébà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbálẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ìyàngbò níbẹ̀. Ẹ lé adìẹ Màmá títí àwọn adìẹ fi mọ ààlà fúnra wọn. Àwọn ará àdúgbò ń pè yín ní Bàbá Oníbébà, ẹ ó lejú bí ẹni pé ẹ ò fẹ́, ẹ ó wá yíjú sẹ́yìn kí ẹ rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà ló fi kọ́ yín, kì í ṣe ẹjọ́ yín. Nínú ilé wa, àwo ẹlòmíràn kì í padà láìfọ̀. Bí aládùúgbò bá bu ẹ̀wà wá, tó sì jẹ́ pé ewé ló fi tẹ́ inú àwo náà, tí ẹ̀wà ò tiẹ̀ kàn án rárá, a ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó padà sílé. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ń wí. Tí a bá ń lọ sí Alafiarou lọ kí àwọn ẹbí, ẹ máa ń jẹ́ kí a dúró lábẹ́ igi kajú kan kí a tó wọlé, kí a nu ẹsẹ̀, kí a yí aṣọ padà. Ìdọ̀tí tiwa, tiwa ni. A kì í gbé e ka iwájú àlejò.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí irin yẹn dé, ẹ lọ ká bébà láàárọ̀, ó ti pọ́n bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ti Bétérou bọ̀. Eruku, irun ewúrẹ́, ìyẹ́ eṣinṣin. Mo rí ojú yín. Ìtìjú ni. Orúkọ yín ló sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀! Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn torí pé ọkọ̀ ti fọn fèrè, ṣùgbọ́n ẹ ò jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì ni ẹ gbé bàsíà funfun tí Màmá fi ń gbé omi fún àlejò, ẹ dojú rẹ̀ dé bébà náà, ẹ gbé òkúta lé e. Bí ọyẹ́ bá rọ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó ṣí i díẹ̀ kó rí ojú ọ̀run, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́. Bó bá tún ti ń le, ẹ ó dé e padà. Gbogbo wa la mọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí irọ́ nínú wa. Ìwà ọmọlúàbí la pè é.

Wọ́n tiẹ̀ tún yìn yín. Lẹ́tà kan dé láti Kútọnu pé nínú gbogbo bébà tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ti Tchaourou ló mọ́ jù. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kan ta yín lọ́rẹ. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Kika, ẹ lọ fi han Bàbá Sùlé ọ̀rẹ́ yín, ẹ sì gùn ún bọ̀ láìjókòó dáadáa kí ìjókòó rẹ̀ má baà dọ̀tí. Màmá fi yín rẹ́rìn-ín fún odidi oṣù kan.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò gbé yín mọ́, èmi ni ẹ fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹ jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń fi ọ̀pá júwe. Mo ń tẹ́ ẹ kí n tó lọ sí byúrò, mo ń ká a, mo sì ń dé bàsíà lé e bí ẹ ti kọ́ mi. Ìwé tuntun ni wọ́n fún mi, mi ò rí tiyín mọ́. Tiyín ti bá ọkọ̀ lọ. Ní òpin ìlà, níbi àkíyèsí, mo ń kọ ọ́ ní Faransé tó dán bí bàtà ọ̀gá: rien à signaler. Kò sí ohun tí a rí. Lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn síbẹ̀ ná, mo ṣì máa padà sí i, kò sì ní dùn mọ́ mi.

Révolution, ìjọba tuntun tó ní òun fẹ́ yí ayé padà, ti dé kí ẹ tó lọ, ẹ mọ ariwo rẹ̀. Ó ti pọ̀ sí i. Kàmáràdì ni gbogbo wa báyìí. Bí omi bá tán nínú àmù byúrò, ẹni tó máa lọ pọn òmíràn á kọ́kọ́ pariwo la lutte continue, pé ìjà ń lọ lọ́wọ́. Mi ò ní irọ́ pa, mo fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ayé tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún wa láìṣàlàyé ti parí. Ọmọ yín gọ̀, ẹ rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni kàmáràdì olórí dísítíríìtì mú òyìnbó kan wọ inú byúrò wa. Bẹ́ẹ̀ ni, òyìnbó. Àwọn tí a ń fi ẹnu lé lọ láàárọ̀ la ń fi ẹtù díndín gbà lálejò lọ́sàn-án. Ó gbé máàpù kan tí a ká bí ẹní dání, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e, nítorí náà Onímáàpù ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi. Ó kó ìwé tó fi ọwọ́ kọ fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí bébà yín wà fún.

Bọ́ǹbù ni, Bàbá. Bọ́ǹbù átọ́míkì. Àwọn òyìnbó gbé e lọ dán wò nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, lókè wa níbẹ̀, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Eruku rẹ̀ gòkè lọ bá ìkùukùu, afẹ́fẹ́ gbé e, ó sì di dandan kó bọ́ síbì kan. Iná kan wà nínú eruku yẹn tí ojú ò rí, tí kì í jó ọwọ́, tó lè wọ inú egungun ènìyàn lọ jókòó. Òun ni wọ́n dẹ àtè yẹn fún. Tí bébà yín bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn á sun ún, wọn á gbé eérú rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń ka iná náà, wọn á wá kọ iye rẹ̀ sórí máàpù, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀gbin wọn bà sí. Nígbà tí wọ́n kúrò nínú aṣálẹ̀, àwọn mìíràn ṣì ń dán tiwọn wò lókè òkun, ìdí nìyẹn tí irin yẹn fi wà lẹ́yìn ilé wa títí di òní.

Tuẹ! Mo tutọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, nínú byúrò, mo fi bàtà nù ún. Ìdọ̀tí tí ẹ ń sá fún gan-an ni wọ́n ń wá! Ènìyàn da ìgbẹ́ sí ọ lórí, ó wá fún ọ ní òṣùwọ̀n pé kí o bá òun wọ̀n ọ́n, kò sì sọ fún ọ pé kí o bo àmù rẹ. Ẹ̀yin ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí wọn. Kí ni ì bá ná wọn láti sọ fún yín? Gbólóhùn kan ni. Ṣé wọ́n rò pé ẹ ò ní ṣe é mọ́ ni? Àbí wọn ò tiẹ̀ rò ó rárá pé ènìyàn ló ń tẹ́ bébà náà?

Onímáàpù tẹ́ máàpù rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó ti kun ún. Ibi tí eruku bọ́ sí ni ó fi àwọ̀ ilẹ̀ pupa kùn, ibi tó bá pọ̀ sí, á pọ́n sí i. Apá òkè wa pọ́n. Apá ìsàlẹ̀ wa náà pọ́n, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Tchaourou, Bétérou, Alafiarou, títí lọ kan Kika, funfun báláú. Ó tiẹ̀ rí róbótó. Ó sì ti kọ ojú ewé kan àbọ̀ láti fi ṣàlàyé rẹ̀, pé bóyá òkè kan ló ń yí afẹ́fẹ́ kúrò lórí wa. Òkè wo? Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ, bàsíà Màmá ni mò ń wò lọ́kàn mi.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Kàmáràdì olórí ní, “Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín, kàmáràdì?” Mo ní ikọ́ ni, mo ní eruku ló wọ̀ mí lọ́fun. Òyìnbó ní eruku ti pọ̀ jù ní ìlú yìí, ó sì fi aṣọ ìnujú nu máàpù rẹ̀.

Ẹ̀rín náà kú nígbà tí mo dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní àwọn ibi tó pọ́n, wọ́n máa yẹ omi kànga wò, wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò. Ní tiwa, nítorí pé ó mọ́, kò sídìí. Wọ́n máa hú irin náà kúrò, ọ̀rọ̀ tán. Bàbá, gbogbo ènìyàn láti ibí dé Kika, kò sẹ́ni tó máa wò wọ́n, nítorí pé ẹ̀yin fẹ́ ṣe ọmọlúàbí.

Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá Màmá níbi àpáta, ó ń tẹ́ gbodo. Ẹ mọ bó ṣe ń tẹ́ ẹ, iṣu tó bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tó gé, tó wá sá sínú ọyẹ́ kó gbẹ kankan. Bó ṣe ń tẹ́ ẹ látọjọ́ tí mo ti gbọ́njú nìyẹn, ọ̀sán àti òru, ìgbésẹ̀ mélòó kan sí irin yín. Mo dúró síbẹ̀. Mo wo bàsíà tó dé bébà. Mo wo gbodo tó ń wo ojú ọ̀run. Ohun tó máa lọ sọ́dọ̀ òyìnbó la dé. Ohun tí a máa jẹ la ṣí sílẹ̀.

Egungun tó ń dùn yín ní ọdún tó kẹ́yìn yẹn, kí ni? Ẹ ní irin rélùwéè tí ẹ ti gbé ni. Ó ṣeé ṣe. Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Ó sì lè jẹ́ gbodo. Mi ò mọ̀, èmi ò sì lè mọ̀ láéláé, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Ẹlòmíràn lè béèrè. Àwa, wọ́n ti kọ ọ́ pé a mọ́.

Mo sọ fún Màmá. Mo ní mo fẹ́ lọ bá Onímáàpù, kí n sọ fún un pé bàsíà ni òkè rẹ̀. Màmá fi gbodo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ lọ dúró láàárín ìlú kí o pe bàbá rẹ ní òpùrọ́ ni? Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ yìn ín? Ẹni tó ti sùn, jẹ́ kó sùn.” Nítorí wọ́n ti wá sọ fún un pé wọ́n máa fún yín ní ìwé ẹ̀yẹ, òṣìṣẹ́ tí bébà rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Onímáàpù ló dá a lábàá, kàmáràdì olórí sì gbá a mú, ó fẹ́ rí òṣìṣẹ́ tó máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwa yòókù. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìràn mọ́. Ẹ̀gbin wọn ni wọ́n fẹ́ fi ìmọ́tótó yín bò.

Mo gbà láti dákẹ́. Ẹ dárí jì mí, mo gbà. Mo tẹ ìwé ẹ̀yẹ náà fúnra mi, mo sì yan bébà tó nípọn fún un. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn ará Kika máa wà láàyè bí wọ́n ṣe ń wà láàyè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kan ṣoṣo ni mo ní. Inú ara mi ń rùn sí mi bí mo ṣe ń rò ó.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Lẹ́yìn ìrun, gbogbo ènìyàn kóra jọ. Bàbá Sùlé ti Kika wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́, ó ní òun fẹ́ gbọ́ orúkọ yín. Kàmáràdì olórí sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ máàpù, wọ́n to àwọn ìwé ńlá tí ẹ ti kọ sí lé etí rẹ̀, Onímáàpù ló kó wọn padà wá kí ayé lè rí bí iṣẹ́ yín ṣe gún régé. Wọ́n pè mí. Mo jáde. Ọwọ́ mi ti nà sí ìwé ẹ̀yẹ náà, ni ojú mi bọ́ sórí ojú ewé kan tó ṣí sílẹ̀.

Ìkọ̀wé yín ni. Lẹ́tà róbótó róbótó tí ẹ kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ṣakí, nígbà tí ẹ lọ ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́ yín. Ní òpin ìlà, níbi àkíyèsí: Ọyẹ́ le. Mo fi bàsíà dé e.

Ìlà tó tẹ̀ lé e: Ọyẹ́ le. Mo fi bàsíà dé e. Èyí tó tẹ̀ lé e: Ọyẹ́ rọ̀ díẹ̀. Mo ṣí i lọ́sàn-án, mo dé e padà. Mo ṣí ojú ewé mìíràn. Mo gbé ìwé mìíràn. Ọyẹ́ kan kò yọ sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, Bàbá mi. Ẹ ò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá ṣe àkíyèsí, ẹ sì kọ ọ́, ní èdè tí ẹ gbọ́. Wọ́n ka òjò yín, wọ́n ka eérú yín, wọ́n ka gbogbo ohun tó ní nọ́ńbà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ pé kí ni ọkùnrin yìí ń sọ fún wa lójoojúmọ́?

Ìwé tèmi wà lábẹ́ tiyín. Rien à signaler. Rien à signaler. Èmi tó lọ síléèwé, tó gba ìwé ẹ̀rí. Nínú ilé wa, òpùrọ́ kan ṣoṣo ló wà, kì í sì í ṣe ẹ̀yin.

Ni mo bá yíjú sí àwọn ènìyàn, mo kà á sókè. Mo kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́, lẹ́yìn náà mo tún un kà ní Faransé kí àlejò wa lè gbádùn rẹ̀. Mo sọ ohun tí bébà náà wà fún. Mo sọ ti bọ́ǹbù, mo sọ ti omi kànga tí wọn ò ní yẹ̀ wò. Mo sọ ọ́ tán. Bàbá Sùlé ló kọ́kọ́ lanu, ó ní, “Kí ló wá burú nínú bàsíà? Ṣé ẹ fẹ́ kó fi ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí ẹni ẹlẹ́ni ni?” Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín, Bàbá, wọn ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ó wá ń yé wọn díẹ̀díẹ̀, mo ń rí i bó ṣe ń yé wọn, ẹnì kan, ẹnì kejì, obìnrin kan yọ ọmú lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Kàmáràdì olórí pariwo pé mo ń ba iṣẹ́ Révolution jẹ́. Mo ní iṣẹ́ ta ni? Mo ní Révolution ló tẹ́ máàpù yìí ni? Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi lù mí nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún yà sósì. Màmá ni. Mi ò mọ ìgbà tó dìde. Ó ti lọ sílé, ó ti padà, bàsíà funfun náà wà lórí rẹ̀. Ó rìn lọ síbi tábìlì, ó dojú bàsíà dé orí máàpù, lórí Tchaourou, Bétérou, Alafiarou, Kika. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé. Ó ní, “Òun rèé. Ọkọ mi ò parọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.”

Mo fẹ́ sọ fún yín pé ojú ti Onímáàpù. Bóyá ó tì í. Ó ní ìwé òun ti lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, pé ohun tí òun lè ṣe kò ju kí òun fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ lọ. Ìlà kan! Ó ká máàpù rẹ̀. Kó tó lọ, ó jókòó, ó jẹ ẹtù tí wọ́n dín fún un. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ó bó ṣe ń lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí ohun tó kó mi nírìíra tó ìka yẹn láyé mi.

Wọ́n ti gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n kọ autocritique, kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́. Màá kọ ọ́. Rien à signaler ni màá kà sí ẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n bá ń wá òmíràn, kí wọ́n wá a lọ. Àwọn obìnrin Bétérou mélòó kan wá bá mi láàárọ̀ àná, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ìwé pé àwọn fẹ́ kí wọ́n yẹ kànga àwọn wò. Mo fọwọ́ kọ ọ́ fún wọn. Bóyá ẹnì kan máa dáhùn, mi ò mọ̀.

Irin yín ṣì wà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá hú u. Bébà kan ṣoṣo ló kù nínú páálí. Mo tẹ́ ẹ láàárọ̀ àná. Ọyẹ́ le lọ́nà tí mi ò fi rí ilé Ìyá Rábì lódìkejì ọ̀nà. Ọwọ́ mi wá bàsíà fúnra rẹ̀, mi ò rí i. Màmá ti mú un. Ó ti kó gbodo rẹ̀ kúrò lórí àpáta, ó kó o jọ sínú agbọ̀n nínú ilé, ó sì fi bàsíà náà dé e.

Láàárọ̀ yìí mo lọ ká bébà náà. Ó pọ́n, Bàbá. Irun ewúrẹ́ wà níbẹ̀, eṣinṣin kan wà níbẹ̀ odindi, ó ṣì ń gbọn ẹsẹ̀. Mo kọ orúkọ ara mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní òpin ìlà nínú ìwé, mo kọ ọ́ ní èdè yín: Ọyẹ́ le. Mi ò dé e. Mo gbé e lọ sí gare, mo fi lé ẹni tó ń gba àpòòwé lọ́wọ́, mo sì dúró títí ọkọ̀ fi lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Mo mọ̀ pé ó dọ̀tí. Tiwọn ni, mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó délé.